Ọkọ̀ Elépo àti Ọkọ̀ Oníná: Èwo Ló Díjú Jù?

Ọ̀kadà tó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Ìjọba Àpapọ̀ Tai Solarin ní Ìjagun ní láti dáná sínú ara rẹ̀ kí táyà rẹ̀ tó yí. Epo bẹntiróòlù àti afẹ́fẹ́ á wọ inú ẹ́ńjìnnì, písítìnnì á fún wọn pọ̀, plọ́ọ̀gì á ṣáná sí wọn, agbára iná yẹn á ti písítìnnì wálẹ̀, èéfín á sì gba sálẹ́ńsà jáde. Kíráńkì ló ń sọ ìlọsókè-sódò yìí di yíyí. Ibi tí iná bá wà, ooru wà níbẹ̀. Irin tó bá sì ń họ irin, ó ń fẹ́ ọ́ìlì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí díẹ̀díẹ̀ jù, kíkú ló máa kú, ìdí nìyẹn tí kílọ́ọ̀ṣì àti jíà fi wà láàárín òun àti táyà. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń tún ṣe lára ọkọ̀ elépo ni kì í ṣe òun ló ń gbé ọkọ̀ rìn. Ìtọ́jú iná inú rẹ̀ ni iṣẹ́ wọn.

Ọkọ̀ oníná kò jó nǹkan kan. Iná mànàmáná á ti inú bátìrì wọ wáyà bàbà tí a wé, wáyà náà á di òòfà, òòfà á sì máa yí irin àárín rẹ̀, bí ti fáànù orí tábìlì ṣe ń yí. Láti ìdúró ni agbára rẹ̀ ti pé, nítorí náà kò nílò kílọ́ọ̀ṣì, jíà kan ṣoṣo ló sì tó ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 2017, báńkì UBS ti ilẹ̀ Switzerland mú kí wọ́n tú Chevrolet Bolt tó jẹ́ oníná palẹ̀, wọ́n sì fi wé Volkswagen Golf elépo. Wọ́n ka àwọn ẹ̀yà tó ń mira nínú ohun tó ń gbé ọkọ̀ rìn: 149 ni ti Golf, 24 ni ti Bolt. Nínú ẹ́ńjìnnì Golf nìkan, 113 ni. Nínú ẹ̀rọ Bolt, 3 péré. Ohun tí kò sí nínú ọkọ̀ kò lè bàjẹ́ níbẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé kíka ẹ̀yà nìkan kò tó, òótọ́ sì ni. Bátìrì Bolt ní sẹ́ẹ̀lì 288, kọ̀ǹpútà sì ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń gbóná àti bí iná inú wọn ṣe tó. Ní oṣù Kẹjọ 2021, General Motors pe gbogbo Bolt tó ti tà padà, nítorí pé àléébù tó wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan láti ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n lè mú kí ọkọ̀ gbiná. Mẹkáníìkì tó ń fi etí mọ ẹ́ńjìnnì tó ń ṣàìsàn kò lè fi etí mọ irú àléébù yẹn. Síbẹ̀, ìṣòro ṣíṣe ọkọ̀ yàtọ̀ sí ìṣòro títọ́jú rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Èkejì ló ń tẹ̀ lé ẹni tó ni ọkọ̀ lóṣooṣù. Bátìrì ṣòro ṣe, ṣùgbọ́n irin kò họ irin nínú rẹ̀, kò sí plọ́ọ̀gì tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ó máa pààrọ̀. Fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ, oníná ló rọrùn jù.

Àwọn mìíràn á ní bátìrì wọ́n, iná ìjọba kì í sì í dúró. Àtakò tó lágbára jù nìyí. Spiro, ilé-iṣẹ́ ọ̀kadà oníná, ti ń dá a lóhùn ní Benin àti Togo láti 2022: ọlọ́kadà á kó bátìrì tó ti rẹ̀ sílẹ̀ ní ibùdó wọn, á gba èyí tó kún, wàhálà bátìrì á sì di ti ilé-iṣẹ́. Wọ́n ti dé ìpínlẹ̀ Ògùn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n níbi tí ibùdó bá jìnnà sí, ètò yìí kò tíì wúlò.

Bíréèkì, táyà àti béárìnnì ṣì wà lára ọkọ̀ méjèèjì, nítorí náà iṣẹ́ mẹkáníìkì kò parí. Iná inú bátìrì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oníná ló yẹ ká bẹ̀rù: ti Bolt ju 300 fóltì lọ, ó sì lè pa ènìyàn. Ní yunifásítì Ìjagun yẹn ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ títọ́jú ọkọ̀ oníná bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kí ọkọ̀ náà tó pọ̀ lójú títì. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ẹ jẹ́ kó kọ́ iṣẹ́ iná mọ́ ọn.