Ìlú Kan, Òkè Kan: Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìrìn-Àjò Ọjọ́ Kan ní Pfalz

Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Jámánì, láàrin odò Rhine àti ẹnubodè Faransé, ni agbègbè tí wọ́n ń pè ní Pfalz wà. Wáìnì àti igbó ni àwọn ará Yúróòpù fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà mọ́tò kan tí wọ́n fi wáìnì sọ lórúkọ, Deutsche Weinstraße, bẹ̀rẹ̀ ní Schweigen-Rechtenbach létí ẹnubodè Faransé, ó sì gba àárín ọgbà àjàrà lọ títí dé Bockenheim ní ìhà àríwá. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 85, ọdún 1935 ni wọ́n sì ṣí i. Ní apá ìwọ̀-oòrùn ọ̀nà yìí ni igbó ńlá tó ń jẹ́ Pfälzerwald tẹ́ lọ rẹrẹ, igbó tí àjọ UNESCO so pọ̀ mọ́ ti Vosges du Nord ní Faransé lọ́dún 1998, kí orílẹ̀-èdè méjèèjì lè jùmọ̀ máa dáàbò bò ó. Ẹni tó bá tẹ́ máàpù síwájú á rí àwọn ìlú kéékèèké tó tò lọ lórí ọ̀nà wáìnì náà, gbogbo wọn á sì wọ̀ ọ́ lójú. Á fẹ́ fi àárọ̀ dé mẹ́ta, kí ó fi ọ̀sán dé mẹ́rin. Ìmọ̀ràn tí mo ní yàtọ̀ sí ìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan péré ni ẹ ní, ìlú kan ṣoṣo ni kí ẹ mú. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin débẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ gun òkè wọ inú igbó láàárọ̀, kí ẹ tó wá jókòó ti wáìnì nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló pàṣẹ fún gbogbo ìyókù. Láti etí odò Rhine, ilẹ̀ Pfalz tẹ́ pẹrẹsẹ, àfi bí àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Haardt ṣe yọrí lójijì. Afẹ́fẹ́ tó ń gbé òjò bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn kò lè ṣàì gun òkè wọ̀nyí, orí igbó ló sì ń da ọ̀pọ̀ omi rẹ̀ sí. Nígbà tó bá fi máa sọ̀ kalẹ̀ sí apá ìlà-oòrùn, omi inú rẹ̀ ti dín kù, ojú ọ̀run ti là. Ìdí nìyí tí oòrùn fi ń ràn dáadáa sórí ọgbà àjàrà, tí igi álímọ́ńdì àti igi ọ̀pọ̀tọ́ sì fi ń so ní orílẹ̀-èdè tí òtútù rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Òkúta yanrìn pupa ló wà lábẹ́ igbó. Ilẹ̀ orí rẹ̀ kò lọ́ràá, kì í sì í dá omi dúró, ni àwọn àgbẹ̀ bá fi í sílẹ̀ fún igi. Ẹsẹ̀ òkè ni ilẹ̀ tó dára wà, àjàrà ló sì gba ibẹ̀. Nítorí náà, igbó àti wáìnì kò jìnnà síra rárá. Ibi tí ìlà àjàrà tó kẹ́yìn parí sí ni igi chestnut ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú tó bá wà lẹ́sẹ̀ òkè, ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin lè ti wà lábẹ́ igi kí wákàtí kan tó pé. Ẹni tó wa mọ́tò fún kìlómítà 85 ń tẹ̀lé etí ilẹ̀ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni. Ẹni tó fẹsẹ̀ rin kìlómítà márùn-ún gòkè ti gba inú ilẹ̀ méjèèjì kọjá.

Neustadt an der Weinstraße ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Láti ìlú ńlá Mannheim, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ ojú irin fi ń débẹ̀. Lórí òkè kan lẹ́yìn ìlú náà ni ilé olódi Hambach wà, tí ẹni tí ara rẹ̀ le lè fẹsẹ̀ rìn dé ní bíi wákàtí kan àbọ̀. Ẹni tí orúnkún ń dà láàmú lè wọ bọ́ọ̀sì. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1832, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, tí àwọn òpìtàn fojú bù sí 20,000 sí 30,000, gun òkè yìí. Àlàpà ni ilé olódi náà nígbà yẹn. Abẹ́ ọba Bavaria ni Pfalz wà, òfin kò sì gba ìpàdé òṣèlú láàyè. Philipp Jakob Siebenpfeiffer àti Johann Georg August Wirth, àwọn akọ̀ròyìn tí ìjọba ti ń fún lẹ́nu pa, ló ṣe agbátẹrù ìpàdé náà, àríyá ni wọ́n sì pè é. Wọ́n gbé àsíá dúdú, pupa àti wúrà lọ́wọ́, wọ́n ní kí Jámánì di ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀ sísọ àti ìwé títẹ̀ di òmìnira. Àwọ̀ mẹ́ta yẹn ni àwọ̀ àsíá Jámánì títí dòní. Ohun tó kan ọ̀rọ̀ wa jù ni pé àwọn àgbẹ̀ àjàrà wà lára àwọn tó gòkè lọ́jọ́ náà. Owó ibodè tí ìjọba ń gbà ti sọ ọjà wáìnì wọn di kíkùtà, owó orí sì wúwo lọ́rùn wọn. Àsíá dúdú ni àwọn kan nínú wọn gbé láti fi ọ̀fọ̀ hàn. Ẹni tó bá dúró lórí òkè yìí tó wo ìsàlẹ̀, ọgbà àwọn àgbẹ̀ náà ló ń wò. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ya ibẹ̀, tó ya fọ́tò tó sì kọjá lọ, kò lè mọ ohun tó so wáìnì mọ́ òmìnira ní ilẹ̀ yẹn. Ìdajì ọjọ́ ni ibẹ̀ ń fẹ́.

Bí a bá ti mú ìlú, àkókò ló kàn. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Nínú ètò ìrìn-àjò ọjọ́ kan, ìparí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ ọkọ̀ ojú irin tí ẹ ó bá padà, kí ẹ máa ka wákàtí bọ̀ sẹ́yìn. Ká ní ọkọ̀ aago méje ìrọ̀lẹ́ ni, ó yẹ kí ẹ ti jókòó sídìí tábìlì ní aago mẹ́rin àbọ̀. Kí ìyẹn tó lè ṣeé ṣe, ẹ gbọ́dọ̀ ti máa sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ní aago mẹ́ta, kí ẹ sì ti jẹun ọ̀sán nínú igbó ní aago méjìlá sí ọ̀kan. Èyí túmọ̀ sí pé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò gbọ́dọ̀ bá yín nílé. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ náà ṣe pàtàkì. Ní oṣù kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ títí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́ fi ń kọjá. Ní oṣù kejìlá, nǹkan bí aago mẹ́rin àbọ̀ ló ti ń wọ̀. Ètò tó dára fún ìgbà ooru lè sọ ènìyàn sínú òkùnkùn igbó nígbà òtútù. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ inú igbó náà wà ńbẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Pfälzerwald-Verein, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1902, ní àwọn ilé ìsinmi kéékèèké káàkiri orí òkè, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń fi ara wọn jìn láti se ọbẹ̀ àti ẹran fún àwọn tó ń rìn kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣí lójoojúmọ́. Òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ṣí, àwọn mìíràn a sì fi Ọjọ́rú kún un. Ẹni tó gòkè lọ́jọ́ Ajé láìbéèrè lè bá ilẹ̀kùn ní títì, kí ebi sì ba òkè tó rẹwà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kí ló dé tí igbó fi gbọ́dọ̀ ṣáájú wáìnì, tí ọkọ̀ ojú irin sì fi sàn ju mọ́tò lọ? Òfin Jámánì kò gbà kí ọtí tó tó 0.5 gíráàmù nínú kílò ẹ̀jẹ̀ kan wà lára ẹni tó ń wa mọ́tò. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 21, àti ẹni tí kò tíì pẹ́ tó gba ìwé ìwakọ̀, kò gbọ́dọ̀ mu ún rárá kó tó wakọ̀. Kódà, bó bá jẹ́ 0.3 péré, tí ènìyàn sì wakọ̀ ṣégeṣège tàbí tó fa jàǹbá, ìyà lè jẹ ẹ́. Ní Pfalz, ife tí wọ́n fi ń mu wáìnì níbi àríyá kì í ṣe ife kékeré: ìdajì lítà ló ń gbà. Bí wáìnì lásán bá kún un, ó ti gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ìgò kan. Lóòótọ́, wọ́n sábà máa ń fi omi oní-gáàsì lú wáìnì náà, ohun tí wọ́n ń pè ní Schorle, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kì í há síbi wáìnì. Ẹni tó mu irú èyí ní aago mọ́kànlá àárọ̀, tó wá ń gun òkè olókùúta nínú oòrùn, kò ṣe ara rẹ̀ lóore. Ẹni tó ti rìn, tó ti jẹun, tó sì mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin ni yóò gbé òun dé ilé, lè fara balẹ̀ mọ adùn ohun tó ń mu. Àwọn kan á ní kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ má mu ọtí, kó máa wakọ̀ fún àwọn yòókù. Ó ṣeé ṣe, òfin kò sì lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wakọ̀ kò ní wo òkè, kò ní tọ́ wáìnì wò, kò ní sinmi. Kò yẹ kí ìgbádùn ènìyàn mẹ́rin jẹ́ iṣẹ́ fún ẹnì karùn-ún, nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì kan wà tó ń jẹ́ Rheinland-Pfalz-Ticket, tí ènìyàn márùn-ún lè jọ fi rìn ní ìpínlẹ̀ Rheinland-Pfalz, níbi tí Pfalz wà, fún odidi ọjọ́ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láàárín ọ̀sẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di aago mẹ́sàn-án àárọ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ẹni tó wá láti ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó ti London tàbí Èkó wá bá ẹbí rẹ̀ ní Frankfurt lè sọ pé òun kò mọ ìgbà tí òun tún máa wá, kí wọ́n jẹ́ kí òun rí gbogbo ohun tí ojú lè rí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Síbẹ̀, ẹ ṣírò rẹ̀. Ìlú méje lọ́jọ́ kan túmọ̀ sí pé ìgbà méje ni ẹ ó wá ibi tí ẹ ó gbé ọkọ̀ sí, ìgbà méje ni ẹ ó sọ̀ tí ẹ ó tún gòkè wọnú ọkọ̀. Ohun tó ṣẹ́kù fún ìlú kọ̀ọ̀kan kò ní ju kí ènìyàn rí ojú pópó kan lọ, àwọn ojú pópó wọ̀nyí sì jọra púpọ̀. Ẹlòmíràn á ní ọkọ̀ ojú irin kì í dé gbogbo abúlé. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí ibùdókọ̀ fi yẹ kó wà lára ohun tí a fi ń yan ìlú. Deidesheim, Bad Dürkheim àti Edenkoben ní ibùdókọ̀ ojú irin. Annweiler náà ní in, òkè ibẹ̀ sì ni ilé olódi Trifels wà, níbi tí wọ́n ti ti Ọba Richard ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́lé lọ́dún 1193.

Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ọtí, tàbí tí ara rẹ̀ kò fẹ́ ẹ, lè béèrè ohun tí òun ń wá lọ síbẹ̀. Ìbéèrè yìí tọ́, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó mú mi fọwọ́ sí ètò yìí. Ẹni tó ń lọ láti ilé ọtí kan dé èkejì kò ní ohun kan tó lè fún Mùsùlùmí tàbí ọmọdé. Ní ti ètò tí mo là sílẹ̀, ìpín tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ náà jẹ́ ti òkè, igi, ìtàn àti oúnjẹ, tábìlì ìrọ̀lẹ́ sì gba omi èso àjàrà tí kò kan bí ó ṣe gba wáìnì. Kí ẹni tí kò jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ṣáà béèrè kó tó jẹun, nítorí Saumagen, oúnjẹ tí wọ́n fi ń yangàn níbẹ̀, inú àpòlùkù ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń sè é.

Ìgbà tí ènìyàn bá lọ máa ń yí bí ọjọ́ náà ṣe ń rí padà. Ní oṣù kẹta, igi álímọ́ńdì ń tanná aláwọ̀ osùn ní Gimmeldingen, tó wà lábẹ́ Neustadt. Òtútù àti oòrùn ọdún náà ló ń pinnu ọjọ́ àríyá rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Ní oṣù kẹsàn-án, Bad Dürkheim ń ṣe ọjà àríyá Wurstmarkt, tó ti wà láti ọdún 1417. Ẹni tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ kí ó yẹra fún ìlú náà lákòókò yẹn. Ìgbà ìkórè, oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ni èmi yóò yàn fún ẹni tó bá lè lọ lẹ́ẹ̀kan péré. Chestnut ń já bọ́ létí igbó, ewé àjàrà ti pọ́n, wáìnì tuntun tí kò tíì parí híhó sì wà lórí tábìlì. Ó ń ṣe bí ẹmu: bí a bá dé e pinpin, á fọ́ ìgò. Ìdérí rẹ̀ kì í le, nítorí náà ẹni tó bá rà á lọ sílé gbọ́dọ̀ gbé e dúró ṣánṣán nínú ọkọ̀.

Ẹrù kò ní pọ̀. Bàtà tí kì í yọ̀, aṣọ òjò, omi àti búrẹ́dì ti tó, ṣùgbọ́n ẹ rà wọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta bó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ẹ ń lọ, torí ọ̀pọ̀ ilé ìtajà Jámánì kì í ṣí lọ́jọ́ náà. Ẹ mú owó lọ́wọ́, kì í ṣe káàdì báńkì nìkan, nítorí àwọn ilé ìsinmi kan nínú igbó kì í gba káàdì. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kí ẹ sì yẹ ara yín wò dáadáa nígbà tí ẹ bá délé, nítorí eégbọn inú igbó ibẹ̀ lè kó àìsàn ranni. Ẹ má ṣe já èso àjàrà ẹbá ọ̀nà: igbó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n oko olóko ni ọgbà àjàrà. Ẹ kọ aago ọkọ̀ ìpadàbọ̀ yín sínú ìwé, pẹ̀lú ti èyí tó tẹ̀lé e, nítorí fóònù lè kú, ọkọ̀ ojú irin Jámánì pàápàá sì máa ń pẹ́.