Oúnjẹ Àlejò ní Etíkan

ÌBÉÈRÈ: Iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí Etíkan ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, èmi tí a fi iyán tọ́ dàgbà ní Èkìtì. Kí ni n óò máa jẹ nílé olóúnjẹ níbẹ̀, tí n kò fi ní í tàbùkù àwọn onílé?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì, ọmọ oníyán, àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran, nítorí náà, ẹ jẹ́ kí onílé ṣe amọ̀nà yín. Ní Etíkan, tí òun pẹ̀lú Ugbò, Màhìn àti Ahẹrí jẹ́ ìlú aládé mẹ́rin ilẹ̀ Ìlàjẹ, púpurú ni olórí oúnjẹ: ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi fún ọjọ́ mélòó kan títí ó fi rọ̀, tí wọ́n fún gbẹ, tí wọ́n mọ róbótó, tí wọ́n sì gbé sókè iná kí èéfín lè yan án; nígbà tí ebi bá dé, wọ́n á ha ẹ̀yìn dúdú rẹ̀ kúrò, wọ́n á gún un, wọ́n á kù ú, wọ́n á sì fi omi gbígbóná rò ó. Ọgbọ́n àgbà ni èéfín náà, nítorí pé létí omi, oúnjẹ tí kò bá gbẹ kì í pẹ́ bu.

Nítorí náà, bí ìyá olóúnjẹ bá gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tútù, ẹ má yínmú sí òórùn rẹ̀, ẹ má sì fi í wé iyán. Ẹ kí i kú iṣẹ́, ẹ bi í léèrè irú ẹja tí àwọn apẹja kó dé, kí ẹ sì fọwọ́ jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀.