Bàtà Mósè Lójú Ọ̀nà Àgbádárìgì

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, láti Ọ̀jọ́ títí dé Ìyànà-Ìbá àti Òkòkómáíkò, ẹ ó rí àwọn ọmọ Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tí a ń pè ní Sẹ̀lẹ̀, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Ojú ọ̀nà yìí kan náà ló lọ sí Àjàṣẹ́, níbi tí Samuel Oshoffa ti dá ìjọ náà sílẹ̀ lọ́dún 1947. Ẹ́kísódù 3:5 ni wọ́n ń tẹ̀ lé: Ọlọ́run ní kí Mósè bọ́ bàtà nítorí ilẹ̀ mímọ́ ló dúró lé. Wọ́n kà á bí ọ̀rọ̀ ṣe wà gẹ́lẹ́.

Oníwàásù mìíràn lè sọ pé ìgbéraga ni bàtà yẹn. Kíkà lọ́nà àkàwé nìyẹn. Ta ló tọ̀nà?

Ẹ má tètè dáhùn. Ẹ wo ẹsẹ náà fúnra rẹ̀ ná. Ìtàn ni: òkè wà, iná ń jó, bàtà wà lẹ́sẹ̀ ọkùnrin kan. Kò sí àmì pé òwe ni. Mo gbà pé Mósè bọ́ bàtà ní tòótọ́, ẹni tó bá sì ń wá àkàwé níbẹ̀ kò gbọdọ̀ da ìtàn náà nù. Bóyá àṣẹ náà kàn wá lónìí, ìbéèrè mìíràn pátápátá nìyẹn (Jóṣúà náà gba irú rẹ̀, ní orí 5), àwọn tó ń jiyàn sì sábà máa ń pa méjèèjì pọ̀.

Nígbà mìíràn, Bíbélì fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé àkàwé ni. Ní Gálátíà orí 4, Pọ́ọ̀lù fi Sárà àti Hágárì ṣàkàwé májẹ̀mú méjì, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ gbangba. Níbòmíràn kò sọ ọ́, síbẹ̀ kò sí ìjọ tí mo mọ̀ tó ń yọ ojú ẹnikẹ́ni nítorí ohun tí Jésù sọ nípa ojú tó ń múni kọsẹ̀.

Ibi tí ẹ̀mí ènìyàn bá ti rọ̀ mọ́ ìtumọ̀ ló le jù. Jákọ́bù 5:14 ní kí àwọn alàgbà gbàdúrà fún aláìsàn, kí wọ́n fi òróró kùn ún. Àwọn aṣáájú ìsọjí ọdún 1930, tí ìjọ wọn di Christ Apostolic Church, di ìwòsàn láìlo oògùn mú ṣinṣin. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tó wá bá wọn ṣiṣẹ́ ń lo kíníìnì nítorí ibà, ọ̀rọ̀ náà fa ìyapa ní ìparí àwọn ọdún 1930. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àdúrà àti òróró ni ẹsẹ náà pa láṣẹ. Kò ka oògùn léèwọ̀. Àfikún olùkà ni èèwọ̀ yẹn, kò sí nínú ọ̀rọ̀ Jákọ́bù.