Ìlù Inú Ọpọlọ: Kí Ni Gbànja Ń Ṣe sí Oorun Wa?

Ní àsìkò ìmúra ìdánwò yìí, àwọn kan nínú wa ti fi gbànja, tí wọ́n ń pè ní goro níbí, pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí prep bá ti parí, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á sì fi tọ́ọ̀ṣì kàwé di aago méjì òru. Èmi náà ṣe é rí. Nígbà tí mo dé ìdánwò Bàólọ́jì, mo rí ìbéèrè tí mo mọ̀, àmọ́ ìdáhùn rẹ̀ ò wá. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó fà á.

Ìlù wo ló wà nínú ọpọlọ?

Ọpọlọ èèyàn ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 86 sẹ́ẹ̀lì tó ń fi iná mànàmáná kékeré ránṣẹ́ síra wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì dákẹ́ pọ̀, bí ẹgbẹ́ onílù. Dókítà ará Jámánì kan, Hans Berger, ló kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ gba ìlù yìí láti orí èèyàn ní ọdún 1924. Bí a bá dijú sinmi láìsùn, ìlù náà máa ń lù ní ìgbà 8 sí 13 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí a bá sun oorun àsùnwọra, kì í ju bíi 4 lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń lágbára gan-an.

Ta ló ń yí ìlù padà?

Sẹ́ẹ̀lì kan náà ni. Kẹ́míkà ló ń yí ìlù wọn padà. Bí ìyáàlù bá pa ohùn dà, ṣebí omele náà á yí padà? Acetylcholine pọ̀ nínú ọpọlọ nígbà tí ojú wa dá. Ó máa ń dín kù nínú oorun àsùnwọra, ìlù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ á wá gba ipò.

Òmíràn ni adenosine. Bí ọpọlọ ṣe ń lo agbára láti àárọ̀ ni èyí ń kó jọ. Ó ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì. Bó bá wọlé, á mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kì í jẹ́ ká sùn rọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń wúwo lálẹ́.

Ọgbọ́n tí gbànja ń ta

Caffeine wà nínú gbànja, kọfí àti tíì. Ó jọ adenosine, ó sì máa ń jókòó dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láìṣílẹ̀kùn. Adenosine ṣì ń kó jọ níta o! Gbànja ò mú àárẹ̀ kúrò, ìròyìn àárẹ̀ ni kò jẹ́ kó dé. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì caffeine ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà. Ẹni tó jẹ ẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́, tó bá sùn ní aago méjì, ìlù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ò ní lágbára tó bó ṣe yẹ.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nígbà tí ìlù yẹn bá ń lù ni ọpọlọ máa ń tún ohun tí a kọ́ lójúmọ́ sọ, tó sì ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ta oorun ra ìwé kíkà, ajere ló fi ń pọn omi. Ẹ kàwé lọ́sàn-án àti ní prep. Bí agogo oorun bá lù, ẹ sùn.

Ìbéèrè fún ìpàdé wa
1. Kí nìdí tí ojú fi ń wúwo lójijì bí agbára gbànja bá tán?
2. Orúkọ Yorùbá wo lẹ máa fún adenosine?