A Kì Í Gbẹ Ata, Sísá Ni A Ń Sá A

Nínú àwọn àṣìlò tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa, tí mo sì ń rí nínú ìwé àwọn tí ó yẹ kí ó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí ó ń dùn mí jù ni pé wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, gbígbẹ, dí ipò gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa fi ń ya oúnjẹ tí omi ti tán lára rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀; bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ẹnu lásán, nítorí inú wọn ni ìmọ̀ bí èso ṣe ń pẹ́ nílẹ̀, bí ó ṣe ń ṣe ara lóore, àti bí ó ṣe lè pa ni lára, fara pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ata, tí ó jẹ́ pé òun, àjàrà àti dàbínù ni àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn kà mọ́ irú èso kan náà, èyí tí ẹran rẹ̀ rọ̀ láti abẹ́ awọ títí dé ibi tí kóró rẹ̀ wà. Ata ni í gbẹ. Ènìyàn kò lè gbẹ ata. Ẹni tí ó bá wí pé òun gbẹ ata ti sọ ohun tí kò sí nínú èdè wa, bí ó bá sì ṣèèṣì gbé ohùn rẹ̀ sókè tí ó fi di pé òun gbẹ́ ata, ó ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tí ń fi ata gbẹ́ ère. Sísá ni a ń sá ata, oòrùn a pa á, yóò sì gbẹ. Bí ó bá jẹ́ iná ni a fi ṣe é, yíyan ni, gẹ́gẹ́ bí ẹja yíyan. Bí awọ rẹ̀ bá hunjọ ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ṣì ń tẹ̀, ó rọ ni, kò tíì gbẹ. Ìgbà tí a bá mì í tí kóró rẹ̀ ń dún nínú rẹ̀ ni a tó lè wí pé ó gbẹ táútáú. Láàrin kí ata rọ àti kí ó gbẹ táútáú ni ìyàtọ̀ wà láàrin èyí tí yóò bu nínú àpò kí oṣù tó parí àti èyí tí yóò dúró di ọdún tí ń bọ̀, nítorí ohun tí ń ba oúnjẹ jẹ́ kì í rí ibi gbé níbi tí omi kò bá sí. Òdìkejì gbígbẹ sì ni tútù, kì í ṣe “fúréṣì” tí a ń pè kiri. Àwọn àgbà tí wọ́n ní tútù ni a ti ń ká ẹja kò wá ọ̀rọ̀ yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ènìyàn bá kúrò ní Creek Road ní Àpápá, tí ó fi èbúté àti àwọn tírélà tí ń tò lọ síbẹ̀ sẹ́yìn, tí ó wọ Ajégúnlẹ̀ lọ sí ọjà Boundary, níbi tí Ìlàjẹ, Ìgbò, Urhobo, Haúsá àti gbogbo ọmọ Oòduà ti ń nájà pọ̀, yóò gbọ́ bí àwọn tí ń fi ọjà jẹun ṣe ń tọ́jú ọ̀rọ̀. Mo kí ìyá arúgbó kan níbẹ̀, mo ní, “Ẹ kú ọjà, ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wọn ìyèré gbígbẹ.” Ó dáhùn pé, “Ọmọ mi, ìyèré wo ni ó wà ní tútù lórí àtẹ?” Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. A ń wí pé ata gbígbẹ nítorí pé ata tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyèré tí a fi ń se ọbẹ̀, èyí tí àwọn Ìgbò tí ó jókòó tì í ń pè ní uziza, gbígbẹ rẹ̀ nìkan ni ó ń dé ọjà. Orúkọ rẹ̀ ti tó o. Ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó fi èékánná tọ́ka sí ìrù tín-ín-rín tí ó wà lẹ́yìn hóró kọ̀ọ̀kan, ó ní ìrù yìí ni kí n máa fi dá a mọ̀, nítorí àwọn kan a máa po kóró ìbẹ́pẹ tí wọ́n ti sá mọ́ ọn, kóró ìbẹ́pẹ kò sì ní ìrù. Ẹ ṣàkíyèsí i pé ó pe ọ̀kan ní hóró, ó pe èkejì ní kóró: hóró ni ohun wẹ́wẹ́ tí a ń kà lọ́kọ̀ọ̀kan tí a sì ń jẹ, kóró ni ohun tí ó wà nínú èso, tí a sábà máa ń tu nù.

Ìrù kan náà ni àwọn Potogí wò tí wọ́n fi sọ ìyèré ní ata onírù ní èdè tiwọn, nígbà tí arìnrìn-àjò wọn, João Afonso de Aveiro, gbé e láti ilẹ̀ Ìbìní lọ sí Lisbon ní nǹkan bí ọdún 1486, tí òwò rẹ̀ sì gba èbúté Ughoton kan títí ọba wọn fi ṣe òfin dè é ní 1506, kí ó má baà bá ata tí wọ́n ń kó bọ̀ láti Íńdíà du ọjà. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ: hóró kékeré yìí da ọba òkè òkun láàmú, òun náà sì ni a ń lọ̀ sínú ọbẹ̀ ata ìyá ọmọ titun kí ara rẹ̀ lè yá gágá. Kí ẹni tí ń kọ̀wé má sì ṣe kọ ọ́ bí ìyẹ̀rẹ̀, nítorí ìyẹ̀rẹ̀ ni babaláwo ń sun.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí dàbínù àti àjàrà tí mo kà mọ́ ata lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀dọ̀ Haúsá ni a ti yá ọ̀rọ̀ náà dàbínù, a sì ti sọ ọ́ di tiwa, ìyẹn ni àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣínu nígbà ààwẹ̀. Ní ti àjàrà gbígbẹ, láti ìgbà tí Bíbélì Yorùbá ti pé lódindi ní 1884 ni àwọn onígbàgbọ́ ti mọ̀ ọ́n, nínú ìtàn ọgọ́rùn-ún ṣírí tí Ábígẹ́lì gbé lọ pàdé Dáfídì. Oúnjẹ alágbára ni àwọn méjèèjì. Kílò àjàrà tútù bíi 4 ni ó ń gbẹ di kílò 1; omi ni ó lọ, ṣúgà, okun inú èso tí ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọrùn, àti pòtásíọ̀mù kò bá a lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fítámì C a máa dín kù gan-an. Nínú 100 gíráàmù dàbínù gbígbẹ, ṣúgà nìkan lè tó 60 sí 70 gíráàmù. Ìdí nìyí tí ìwọ̀nba fi yẹ ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, àìsàn tí àwọn baba wa fi gbẹ kan náà yìí sọ lórúkọ, nígbà tí wọ́n rí aláìsàn tí ń tọ̀ títí omi fi ń tán lára rẹ̀; kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè iye hóró tí òun lè jẹ, kí ó má ṣe fi ojú èso lásán wò ó.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá tún ń rán ọmọ níṣẹ́, ẹ má ṣe wí fún un pé kí ó lọ gbẹ ata. Ẹ ní kí ó sá a, kí ó máa yí i padà, kí ó mú un wọlé bí òjò bá ṣú, kí ó sì mì í kí ó tó dì í sápò, kí ó lè mọ̀ bóyá ó rọ ni tàbí ó ti gbẹ.