Rẹ́sínì Epoxy Tí Òórùn Rẹ̀ Kò Pọ̀: Yíyàn àti Lílò Rẹ̀ Nílé Láìfi Ara Wewu

Àwọn kókó pàtàkì

• Àìgbọ́ òórùn kò túmọ̀ sí àìsí ewu. Awọ ara ni epoxy sábà máa ń bà jẹ́ jù lọ, nípa fífarakàn án.
• Bí epoxy bá ti fa àlẹ́jì fún ènìyàn, àlẹ́jì náà sábà máa ń wà títí ayé.
• Àìsàn yìí ṣeé dènà.

Àlàyé

Fífi ẹ̀rọ fa rẹ́sínì jẹ́ ọ̀nà kan tí a ń gbà ṣe ohun èlò fáíbà, irú bí ara ọkọ̀ ojú omi. A ó tẹ́ aṣọ fáíbà gbígbẹ sórí àwòṣe, a ó fi ọ̀rá dì í pa, ẹ̀rọ yóò sì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí rẹ́sínì lè wọlé. Oòru tí ń jáde báyìí kéré sí ti ẹni tí ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń pò ó, tí a ń fọ ohun èlò, tàbí tí a ń fi sánpépà dán iṣẹ́, kò sí ọ̀rá kankan láàárín òṣìṣẹ́ àti rẹ́sínì.

Ní Gonzagueville, ní Port-Bouët, lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà láàárín òkun àti ọ̀sà Ébrié, ibi tí ẹnì kan ti ń pò rẹ́sínì nínú àgbàlá lè jẹ́ ibi tí ẹlòmíràn ti ń dáná, tí àwọn ọmọdé sì ti ń ṣeré. Ooru ibẹ̀ pẹ̀lú a máa mú kí rẹ́sínì tètè gbóná.

Ìdí tí òórùn kò fi tó láti fi díwọ̀n ewu

Rẹ́sínì polyester tí ó wọ́pọ̀ ní styrene, èyí tí imú ń tètè gbọ́. Epoxy kò ní styrene. Ìdí nìyẹn tí òórùn rẹ̀ fi kéré. Apá méjì ni epoxy: rẹ́sínì, tí a sábà ń ti ara bisphenol A ṣe, àti èròjà amúle, tí ó sábà jẹ́ amine. Àwọn méjèèjì lè fa àlẹ́jì. Amúle sì tún lè jó awọ àti ojú. Àwọn èròjà tí a fi ń mú rẹ́sínì ṣàn dáadáa náà lè fa àlẹ́jì líle.

Bí a ṣe lè yàn án

• Kí ẹ tó rà á, ẹ béèrè ìwé àlàyé ààbò, tí wọ́n ń pè ní FDS lédè Faransé, ti rẹ́sínì àti ti amúle.
• Ní ìpín 2 ìwé náà, H317 ń tọ́ka sí àlẹ́jì awọ, H314 sí jíjó awọ àti bíba ojú jẹ́, H334 sí ikọ́ fée. Bí ẹ bá rí H334, ẹ wá òmíràn. Bí amúle méjì bá yẹ fún iṣẹ́ náà, ẹ mú èyí tí kò ní H314.
• Ẹ yan èyí tí a ṣe fún fífà. Kíki àpòpọ̀ irú rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 200 sí 500 mPa·s ní 25°C. Ti omi jẹ́ nǹkan bí 1. Ẹ má ṣe fi acetone tàbí tinà là á: oòru wọn lè gbiná, iṣẹ́ náà kò sì ní lágbára.
• Ẹ yan amúle tí ń lọ́ra. Bí ooru bá fi 10°C pọ̀ sí i, àkókò tí àpòpọ̀ fi ṣeé lò a dín kù sí nǹkan bí ìdajì.

Bí a ṣe lè lò ó

• Ẹ ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, jìnnà sí iná, oúnjẹ àti ọmọdé.
• Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nitrile, aṣọ alápá gígùn àti awò ààbò. Ẹ pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ ní kété tí rẹ́sínì bá kàn án.
• Ẹ pò ó díẹ̀díẹ̀ nínú abọ́ fífẹ̀. Àpòpọ̀ púpọ̀ nínú garawa lè gbóná débi pé yóò máa rú èéfín.
• Ìbòmú lásán kì í dá oòru epoxy dúró. Àsẹ́ irú A, aláwọ̀ ilẹ̀, ni ó ń ṣe é. Fún eruku, ẹ lo FFP2 ó kéré tán, kí ẹ sì dúró kí iṣẹ́ le tán, èyí tí ó lè tó ọjọ́ 7.

Bí ó bá kan ara

Ẹ nù ún kúrò, kí ẹ sì fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀. Ẹ má ṣe fi acetone, tinà tàbí bẹntiróòlù fọ awọ ara. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé e mì, ẹ má ṣe mú un bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Fún òṣìṣẹ́ ìlera

Ara yíyún, pípọ́n àti ròrò ní ọwọ́, apá, ojú tàbí ìpéǹpéjú, tí ó yọ ní ọjọ́ 1 sí 3 lẹ́yìn iṣẹ́, lè jẹ́ àlẹ́jì epoxy. Ó rọrùn láti ṣì í pè ní làpálàpá tàbí ooru ara. Ẹ béèrè irú iṣẹ́ tí aláìsàn ń ṣe, nílé pẹ̀lú, àti bóyá ara rẹ̀ ń yá nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́. Nínú àyẹ̀wò tí a ń fi èròjà lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aláìsàn, rẹ́sínì epoxy 1% nínú vaseline ni a sábà ń lò. Bí kò bá fi nǹkan kan hàn, amúle ṣì lè jẹ́ ohun tí ó fà á. Ìpara corticosteroid a máa dín ìyọnu náà kù, ṣùgbọ́n yíyẹra fún epoxy pátápátá ni ìtọ́jú tí ó ṣe kókó. Aláìsàn tí ó bá ń mí pẹ̀lú ìṣòro gbọ́dọ̀ rí dókítà kíákíá.