Àjàní, Ta Ló Tú Nọ́ọ̀tì Inú?

Wọlé, Àjàní. Má dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá yá gáàrí. Gbé náílọ́ọ̀nù ọwọ́ rẹ wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá rẹ ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí. Ó ní o kàn sọ pé o fẹ́ yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kí fókánáísà lè bá ọ lẹ táyà ni, pé kí òun tó yíjú padà, o ti kun kẹ̀kẹ́ bí ẹran Iléyá. Owó àjọ ló fi ra tòkunbọ̀ yìí fún ọ o, nítorí náà jẹ́ kó pariwo díẹ̀.

Ó dáa. Mo ti da ohun inú náílọ́ọ̀nù sórí àkísà. Nọ́ọ̀tì méjì, wọ́ṣà méjì, kóònù kan, ọmọ béárìn mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Àjàní, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn irú kẹ̀kẹ́ yìí, ọmọ béárìn mẹ́sàn-án ní í wà lápá ọ̀tún, mẹ́sàn-án lápá òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì fẹ̀ tó ìdámẹ́rin ínṣì. Ọ̀dọ̀ baba mi ni mo ti mọ̀ ọ́n, kí n tó mọ̀wé kà. Ogún dín méjì ni. Ìwọ gbé ogún dín mẹ́rin wá fún mi. Àwọn tó kù dà? Má sì dá a láṣà láti lọ tú ẹsẹ̀ iwájú kí o fi dí ti ẹ̀yìn. Mo rí ojú rẹ, mo mọ ohun tí o ń rò. Ti iwájú kéré ju ìwọ̀nyí lọ, mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n sì sábà máa ń jẹ́. Wọn kò bára mu.

Ẹjọ́ tí ìyá rẹ rò fún mi ni pé o tú nọ́ọ̀tì tí kò kàn ọ́. Èmi náà gbà á gbọ́. Mo ti to èébú sílẹ̀ dè ọ́ láti àárọ̀. Ṣé o rí i, nọ́ọ̀tì oríṣi méjì ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lóde, lẹ́yìn fọ́ọ̀kì, òun ló de ẹsẹ̀ mọ́ ara kẹ̀kẹ́. Èyí tó fara pamọ́ sáàárín fọ́ọ̀kì àti họ́ọ̀bù kò de ẹsẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Kóònù ló ń ṣọ́ kó má baà rìn kúrò níbi tí wọ́n fi í sí. Kóònù náà ló sì ń sé àwọn ọmọ béárìn mọ́ inú abọ́ wọn. Ẹni tó kàn fẹ́ yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, nọ́ọ̀tì òde nìkan ni kó fọwọ́ kàn. Bó bá tú ti inú, ilé ti tú nìyẹn, àwọn ọmọ yóò fọ́n ká.

Ṣùgbọ́n o búra pé o kò fọwọ́ kan ti inú, pé sípánà 15 kan ṣoṣo lo mú dání. Sípánà 15 kọ́ ló ń wọ ti inú lóòótọ́. Pẹlẹbẹ tín-ín-rín ni sípánà kóònù, kò sì sí irú rẹ̀ nílé yín. Mo wá gba ọ̀pá irin àárín yẹn lọ́wọ́ rẹ, mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Wá wò ó. Nọ́ọ̀tì òde apá ọ̀tún, lápá ibi tí ṣéènì wà, ṣì jókòó sórí rẹ̀ di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó ti dípẹtà mọ́ ọn. Ìwọ rò pé nọ́ọ̀tì lò ń yí. Nọ́ọ̀tì kò yí fún ọ, ọ̀pá irin lódindi ló ń yí, láti ọ̀tún títí dé òsì. Nọ́ọ̀tì inú apá òsì sì ti dẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò di kóònù mú mọ́. Bí irin ṣe ń yí, kóònù dúró sójú kan, irin wá ń ṣí kúrò nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. O fi ọwọ́ ara rẹ tú apá òsì láti apá ọ̀tún, o kò sì mọ̀. Ìgbà tí o wá fa ẹsẹ̀ náà jáde tipátipá, ó ku kí ọmọ béárìn máa fò kiri inú ilé ìdáná ìyá rẹ.

Nítorí náà mo dá ọ láre lórí nọ́ọ̀tì inú. Màá sọ fún ìyá rẹ. Jókòó, má tíì dìde, mi ò tíì dé ibi tí mò ń lọ.

Kí lo sọ fún mi ní ìjẹta? O ní láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìdí kẹ̀kẹ́ ti ń mì, pé bí o bá yà kọ́nà, ó dà bíi pé ẹnìkan ń tì ọ́ látẹ̀yìn. O sì ń gùn ún lọ bẹ́ẹ̀! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ẹni tó tún un ṣe gbẹ̀yìn kò fún nọ́ọ̀tì inú dáadáa, ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ti pariwo fún ọ, o kọtí ikún. Kò ju kí o di táyà mú lókè, kí o tì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń mì kọ̀ọ̀kọ̀, o kò gbọdọ̀ gùn ún mọ́. Wo ojú kóònù yìí. Fi èékánná rẹ gbá a. Ṣé ó ń há ọ? Ihò wẹẹrẹ wẹẹrẹ yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rẹ náà wà nínú ohun tó gbẹ́ ẹ.

Baba mi, bàbá àgbà rẹ, kì í bá nọ́ọ̀tì tó dípẹtà jà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Raleigh làwọn tíṣà àti katikísì ń gbé wá bá a, àwọn kẹ̀kẹ́ dúdú gogoro tí wọ́n ṣe ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òjò ti pa òmíràn títí, nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti di ara irin. Baba mi yóò kán karosíìnì sí i nírọ̀lẹ́, yóò sì lọ jẹ ọkà rẹ̀. Láàárọ̀, á fi òòlù kékeré gbá a jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà á fi ẹfun fa ìlà kan sí orí ọ̀pá irin, á ní kí n tẹjú mọ́ ọn. Bí nọ́ọ̀tì bá ń yí tí ìlà ẹfun dúró, mo máa ń dákẹ́. Bí ìlà ẹfun bá ń bá a yí, mo máa ń kígbe, á sì dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, á tún kán karosíìnì. Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe láyé mi nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ. Bi bàbá rẹ léèrè bó bá fẹ́ jiyàn.

Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára, àbí o kò gbọ́ ọ rí?

Má wá àwọn ọmọ béárìn tó sọnù mọ́. Ìyá rẹ ti rí ọ̀kan lábẹ́ fìríìjì. Èkejì, mo fura sí adìẹ yín. Bó o tilẹ̀ rí méjèèjì, n kò ní jẹ́ kí o dá wọn padà. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti jẹ, wọ́n ti kéré díẹ̀, ojú lásán kò lè rí i. Bí o bá ki méjì tuntun bọ àárín wọn, àwọn tuntun ni yóò máa ru ẹrù gbogbo. Ra méjìdínlógún tuntun. Wọn kò wọ́n. Mú kóònù òsì yìí dání lọ sọ́jà, kí wọ́n bá ọ wá ẹgbẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́, kí o sì yí i sórí ọ̀pá irin níwájú ẹni tó ń tà á kí o tó sanwó. Ra gírísì. Gírísì ni yóò lẹ àwọn ọmọ béárìn mọ́ abọ́ wọn nígbà tí a bá ń ti irin wọlé, tí wọn kò fi ní já bọ́.

Kóònù apá ọ̀tún, jọ̀ọ́, fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Òun àti nọ́ọ̀tì inú rẹ̀ ṣì fún mọ́ra wọn pinpin. Bí o bá ṣí wọn nípò, ẹsẹ̀ kò ní dúró sáàárín fọ́ọ̀kì mọ́, táyà á sì máa họ irin. Nọ́ọ̀tì òde ibẹ̀ nìkan ni kí o kán karosíìnì sí lálẹ́ òní àti lálẹ́ ọ̀la.

Ti òsì la ó jọ dì. Èmi ni màá fi ọwọ́ lásán yí kóònù títí yóò fi kan àwọn ọmọ béárìn, màá dá a padà díẹ̀ bíńtín, màá fi sípánà pẹlẹbẹ baba mi dì í mú, ìwọ yóò wá fún nọ́ọ̀tì inú mọ́ ọn. Bó bá fún jù, yóò máa rẹ́ ara rẹ̀ lára. Bó bá dẹ̀ jù, ìdí á tún máa mì. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin la lè ṣe é kó tó dọ́gba, má sì wo fóònù rẹ nígbà tí mo bá di kóònù mú.

Ṣé o ti jẹun? Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wà lórí tábìlì. Fọ ọwọ́ gírísì yẹn kí o tó kan ọ̀kankan nínú wọn. Sátidé la ó ṣe é, kí oòrùn tó mú. Wọ aṣọ tó ti gbó wá.